Ojúbọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gbọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́: Bí Mímíkò ṣe fi ẹgbẹ́ Labour gba ìjọba Oǹdó

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejì, ọdún 2009, jẹ́ ọjọ́ kan tí ọ̀pọ̀ ará ìpínlẹ̀ Oǹdó kò lè gbàgbé bọ̀rọ̀. Láti Àkúrẹ́ dé ìlú Oǹdó, láti Ìkàrẹ́ dé Òkìtìpupa, etí rédíò ni wọ́n wà. Ìlú Benin ni ojú gbogbo wọn ń wò, nítorí ibẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti fẹ́ sọ ẹni tí í ṣe gómìnà wọn gan-an. Ìbò tí wọ́n ti dì láti oṣù kẹrin ọdún 2007 ni ẹjọ́ dá lé lórí. Ó ti pé oṣù méjìlélógún, ọ̀rọ̀ kò sì tíì tán.

Nígbà tí àwọn adájọ́ sọ̀rọ̀ tán, ariwo ayọ̀ gba ìgboro. Wọ́n ní Dókítà Olúṣẹ́gun Mímíkò tó díje lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Labour ló wọlé, kì í ṣe Dókítà Olúṣẹ́gun Àgágù ti ẹgbẹ́ PDP tó ti ń ṣe ìjọba bọ̀ láti ọdún 2003. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì, wọ́n búra fún Mímíkò. Bí ẹgbẹ́ tí kò ní gómìnà kan ṣoṣo ní gbogbo Nàìjíríà rí ṣe di ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìjọba ní ìpínlẹ̀ Yorùbá nìyẹn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì di àlọ́. Ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń dìbò àti fún ẹni tó ń gbégbá ìbò. Ìdí nìyí tí a fi ní kí á tú u wò látìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà méjì la mọ̀ tẹ́lẹ̀

Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà méjì ni òṣèlú sábà máa ń pín sí. Láyé àwọn bàbá wa, bí o kò bá ṣe Ọlọ́pẹ, Dẹ́mọ́ ni ọ́. Nígbà ìjọba alágbádá ẹlẹ́ẹ̀kejì, bí o kò bá sí nínú UPN, a jẹ́ pé NPN lò ń bá lọ. Láyé Babangida, ìjọba fúnra rẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ méjì sílẹ̀, SDP àti NRC, tó ní kí kálukú wọ ọ̀kan. Nígbà tí ìjọba alágbádá sì padà dé lọ́dún 1999, AD àti PDP ló ń bá ara wọn fà á. Ẹgbẹ́ AD kó gbogbo ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fà lọ́dún náà. Lọ́dún 2003, PDP gba márùn-ún nínú wọn, Èkó nìkan ló ṣẹ́kù fún AD.

Ẹni tó bá wá ní òun fẹ́ di gómìnà lábẹ́ ẹgbẹ́ kẹta, ojú aláwàdà ni wọ́n fi ń wò ó. Owó kò sí lọ́wọ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní aṣojú ní gbogbo wọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ olùdìbò kò sì mọ àmì rẹ̀ lórí ìwé ìdìbò. Bí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ Labour ṣe rí nìyẹn. Ọdún 2002 ni ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, NLC, ti gbìyànjú láti ní ẹgbẹ́ òṣèlú tiwọn. PSD ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Labour. Èrò tó wà nínú rẹ̀ dára. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ló pọ̀ jù ní ìlú, kí ló dé tí òṣìṣẹ́ kò fi ní ní ẹgbẹ́? Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbò ọdún 2003 dé tó sì lọ, kò sẹ́ni tó gbúròó wọn nílé ìjọba kankan.

Olúṣẹ́gun mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ ìbò Oǹdó yìí ní àwàdà tirẹ̀ nínú. Olúṣẹ́gun mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni ààrẹ ní Àbújá. Olúṣẹ́gun Àgágù ni gómìnà ní Àkúrẹ́. Olúṣẹ́gun Mímíkò sì ni ẹni tó bá àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́ kó tó ní òun fẹ́ dá dúró.

Ọmọ ìlú Oǹdó ni Mímíkò. Ọdún 1954 ni wọ́n bí i, Yunifásítì Ifẹ̀ ló sì ti kọ́ iṣẹ́ dókítà. Kì í ṣe àjèjì sí òṣèlú rárá. Ó ṣe kọmíṣánnà fún ètò ìlera lábẹ́ Gómìnà Bámidélé Olúmilúà láyé SDP. Ó tún ṣe ipò kan náà lábẹ́ Gómìnà Adébáyọ̀ Adéfaratì ti ẹgbẹ́ AD láti ọdún 1999. Nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ Adéfaratì, ó bọ́ sí PDP, ó sì wà lára àwọn tó jà kí Àgágù lè wọlé lọ́dún 2003. Àgágù fi í ṣe akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀. Lọ́dún 2005, Ọbásanjọ́ mú un lọ sí Àbújá láti ṣe mínísítà fún ètò ilé gbígbé.

Ẹni tó dé irú ipò yẹn, àwọn míì á ní kó jókòó jẹ́ẹ́ kó máa jẹ iyán rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìparí ọdún 2006, Mímíkò kọ̀wé fipò mínísítà sílẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ wá díje nílé. Nínú PDP, Àgágù ló ní àsíá ẹgbẹ́ lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé AD náà ti tú, àwọn kan ti gba inú ẹgbẹ́ AC lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni Mímíkò ti gba inú Labour lọ.

Àwọn alátakò rẹ̀ fi í ṣẹ̀sín. Wọ́n ní inú ẹgbẹ́ wo ni kò tíì wọ̀? Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irọ́ pátápátá, nítorí ó ti wà ní SDP, ó ti wà ní AD, ó ti wà ní PDP. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní ẹni làwọn mọ̀, àwọn kò mọ ẹgbẹ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìrókò. Ọmọ Yorùbá sì mọ̀ pé nígbà tí ìrókò bá wà ní kékeré là á ṣẹ́ ẹ, tó bá dàgbà tán, ẹbọ ní í máa gbà.

Ìbò oṣù kẹrin ọdún 2007

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin, ọdún 2007, ni wọ́n dìbò gómìnà. Ẹni tó bá rántí ìbò ọdún náà mọ̀ pé kò sí ibi tí wọn kò ti pariwo. Àwọn tó wá wo ìbò láti òkè òkun ní kò dára tó. Ààrẹ Umaru Yar'Adua tí ìbò náà gbé wọlé fúnra rẹ̀ gbà pé àléébù wà nínú rẹ̀, ó sì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti tún ètò ìdìbò ṣe.

Ní Oǹdó, àjọ elétò ìdìbò INEC kéde pé Àgágù ló wọlé. Wọ́n ní ìbò tó lé ní 349,000 ni Àgágù ní, tí Mímíkò sì ní nǹkan bí 226,000. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ju 123,000 lọ. Lójú ẹni tó bá ka iye yẹn nínú ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n àwọn tó dìbò ní wọ́ọ̀dù wọn mọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n ní ibì kan wà tí àwọn jàǹdùkú gbé àpótí ìbò sá lọ. Wọ́n ní ibì kan wà tí ìwé ìbò pọ̀ ju èèyàn tó tò lọ. Wọ́n sì ní àwọn kan jókòó sínú ilé, tí wọ́n ń tẹ̀ka bí ẹni ń ka owó.

Ohun tí àwọn àgbà ń bẹ̀rù

Ìgbà tí INEC kéde èsì náà, ọkàn àwọn àgbà ní Oǹdó kò balẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1983 ni wọ́n ń rántí.

Lọ́dún náà, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lára ìpínlẹ̀ Oǹdó, Olóyè Adékúnlé Ajásin ti ẹgbẹ́ UPN ló wà lórí àga. Olóyè Akin Ọmọ́bóríowó, tó jẹ́ igbákejì rẹ̀, ló bínú kúrò, tó bọ́ sí NPN, tó sì wá bá ọ̀gá rẹ̀ díje. Ní oṣù kẹjọ, àjọ elétò ìdìbò ìgbà yẹn, FEDECO, kéde pé Ọmọ́bóríowó ló wọlé. Iná sọ ní Àkúrẹ́ àti káàkiri ìpínlẹ̀. Wọ́n jó ilé, wọ́n jó ọkọ̀, wọ́n sì pa èèyàn. Àwọn tó ti wà láyé lọ́dún 1965 ní wẹ́tìẹ̀ tún ti padà dé. Kóòtù ló wá dá ẹjọ́ náà fún Ajásin, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, àwọn sójà ti gbàjọba, nǹkan kò sì ṣẹ́nuure fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwọn tó kú kò jí mọ́.

Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ 1983 àti ti 2007 sórí òṣùwọ̀n, wọ́n jọra. Lọ́dún 1983, igbákejì ló bá ọ̀gá rẹ̀ díje. Lọ́dún 2007, akọ̀wé ìjọba tẹ́lẹ̀ ló bá gómìnà rẹ̀ díje. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, àjọ elétò ìdìbò kéde ẹni tí ọ̀pọ̀ ará ìlú ní kì í ṣe òun làwọn yàn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé lọ́dún 2007, kóòtù ni wọ́n gbé ẹjọ́ lọ, irú iná ọdún 1983 kò sì sọ mọ́. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ẹni tí wọ́n gba ohun rẹ̀, tó sì fi sùúrù lọ jókòó sí kóòtù fún ọdún méjì dín oṣù méjì, ti ṣe ohun tó ṣòro.

Bí wọ́n ṣe ja ẹjọ́ náà

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bèèrè pé báwo ni kóòtù ṣe lè gba ìbò lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti kéde, kó sì gbé e fún ẹlòmíì láì tún ìbò dì. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yé wa.

Ẹni tó bá gbé ẹjọ́ ìbò lọ sí kóòtù lè sọ ohun méjì. Ó lè ní ìbò náà bàjẹ́ látòkèdélẹ̀, kí wọ́n wọ́gi lé e, kí wọ́n tún òmíràn dì. Ó sì lè ní ìbò náà dára níbi púpọ̀, àmọ́ èrú wọ̀ ọ́ níbì kan, kí kóòtù yọ ìbò èrú kúrò, kí wọ́n ka èyí tó ṣẹ́kù, kí wọ́n wo ẹni tó ní ìbò tó mọ́ jù. Bí ẹni tí wọ́n kéde kò bá ní ìbò tó pọ̀ jù nínú èyí tó mọ́ yẹn, òfin ìdìbò ọdún 2006 ní kí kóòtù kéde ẹni tó ní i. Ẹni náà gbọ́dọ̀ tún ní ìdá mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ méjìdínlógún ló wà ní Oǹdó, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ méjìlá.

Ọ̀nà kejì yìí ni Mímíkò tọ̀. Ìṣòro rẹ̀ pọ̀ ju ti èkíní lọ, nítorí ẹ̀rí ni kóòtù máa ń bèèrè. Kò tó kí ẹnì kan dìde kó ní wọ́n jí ìbò mi. Wọ́n ní láti tú ìwé ìdìbò jáde lápò lápò, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó mọ̀ nípa ìtẹ̀ka ni wọ́n mú wá sí i. Ìka èèyàn méjì kì í jọra, kódà bí wọ́n bá jẹ́ ìbejì. Bí ìtẹ̀ka kan bá wá wà lórí ogún ìwé ìdìbò, a jẹ́ pé ẹnì kan ló dìbò fún ogún èèyàn. Ohun tí wọ́n ṣe ní Oǹdó yìí ni àwọn olùpẹ̀jọ́ ní Èkìtì àti Ọ̀ṣun náà lò.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù keje, ọdún 2008, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ awuyewuye ìbò, tí Adájọ́ Garba Nabaruma jẹ́ alága rẹ̀, gbé ìdájọ́ rẹ̀ kalẹ̀ ní Àkúrẹ́. Wọ́n wọ́gi lé ìbò ní àwọn ibi tí èrú ti wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n ka ìyókù, Mímíkò ló lékè. Wọ́n ní kí INEC fún un ní ìwé ẹ̀rí.

Àgágù ní òun kò gbà, ó sì pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Benin. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Bí òfin sì ṣe wà nígbà náà, ẹni tí wọ́n ti búra fún ló máa wà lórí àga títí tí ẹjọ́ yóò fi parí. Nítorí náà, oṣù méje míì tún kọjá lẹ́yìn ìdájọ́ Àkúrẹ́. Ìgbà tí àwọn adájọ́ Benin wá fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní oṣù kejì ọdún 2009, kò tún sí ibòmíì tí ẹnikẹ́ni lè gbé e lọ mọ́. Nígbà náà, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni òpin ẹjọ́ ìbò gómìnà. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ máa dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, òun náà ló sì fi gbèdéke ọgọ́sàn-án ọjọ́ sí i fún ìgbìmọ̀ tó bá ń gbọ́ ọ.

Mímíkò àti igbákejì rẹ̀, Alhaji Alí Ọlánusì, gba ìjọba. Oǹdó ló kọ́kọ́ rí i bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá nínú ẹjọ́ ìbò ọdún 2007. Èkìtì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí kóòtù gbé Káyọ̀dé Fáyẹmí wọlé. Ọ̀ṣun tẹ̀ lé e ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá fi wọlé. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ńlá tó ń ṣe alátakò PDP ni àwọn méjèèjì yẹn ti wá. Mímíkò nìkan ló gba ẹgbẹ́ kẹta wọlé.

Kí ni wọ́n fi ìjọba náà ṣe?

Dókítà ni Mímíkò, iṣẹ́ dókítà ló sì kọ́kọ́ fi hàn. Lọ́dún 2009 ló dá ètò Abíyè sílẹ̀, tí wọ́n fi ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọrẹ̀ dán wò. Wọ́n to orúkọ àwọn aláboyún, wọ́n fún wọn ní fóònù tí wọ́n lè fi pe elétò ìlera tó wà nídìí ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n sì yan àwọn tí yóò máa lọ bẹ̀ wọ́n wò nílé. Lọ́dún 2010, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ sí Àkúrẹ́, níbi tí aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ti ń gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n kọ́ òmíràn sí ìlú Oǹdó. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún ọkọ aláboyún pé kó lọ wá owó wá kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀, yóò mọ̀ pé ètò yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló fi ọmọ lọ́wọ́ kúrò níbẹ̀.

Wọ́n tún kọ́ àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ńláńlá tí wọ́n ń pè ní mẹ́gà, wọ́n kọ́ ọjà, wọ́n sì kọ́ gbọ̀ngàn Dome sí Àkúrẹ́. Àwọn kan yìn ín, àwọn kan ní owó tó ná sí wọn pọ̀ jù. Lọ́dún 2011, ẹgbẹ́ Labour gba ipò sẹ́nétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní ìpínlẹ̀ náà. Ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ń ṣẹ̀sín lọ́dún 2007 ti wá di ẹgbẹ́ ìlú.

Nígbà tí ìbò ọdún 2012 dé, ogun tó dìde sí Mímíkò kò kéré. Ẹgbẹ́ ACN ti Aṣíwájú Bọ́lá Tinúbú ti ń ṣe ìjọba ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Èkìtì. Oǹdó nìkan ló kù kí wọ́n kó ilẹ̀ Yorùbá tán. Agbẹjọ́rò àgbà Rótìmí Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀, ni wọ́n fà kalẹ̀. PDP fa Olóyè Olúṣọlá Òkè kalẹ̀. Ní ọjọ́ ogún, oṣù kẹwàá, ọdún 2012, ará Oǹdó dìbò. Mímíkò ní 260,199. Òkè ní 155,961. Akérédolú ní 143,512. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, àmọ́ lọ́dún 2013, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Mímíkò ló wọlé. Bó ṣe di gómìnà àkọ́kọ́ tó lo sáà méjì tán ní Oǹdó nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn iye yẹn dáadáa. Bí a bá da ìbò Òkè àti ti Akérédolú pọ̀, yóò fún wa ní 299,473. Ó ju ti Mímíkò lọ. Ohun tí ẹgbẹ́ kẹta máa ń fẹ́ nìyẹn, kí àwọn ẹgbẹ́ ńlá méjì máa já ìbò gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kí òun náà sì ní ẹni tí ojú gbogbo ìlú mọ̀. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yẹ̀, kì í ṣeé ṣe.

Ta ló wọlé, ẹgbẹ́ ni tàbí ẹni?

Ibi tó dunni jù nínú ìtàn yìí ló kù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, Mímíkò kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Labour, ó padà sí PDP tó bá jà lọ́dún 2007. Ohun tí wọ́n fi ọdún méjì jà fún ní kóòtù, wọ́n gbé e lọ fún ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, láì sí ìbò kankan níbẹ̀. Olùdìbò tó to sínú oòrùn nítorí kí PDP lè kúrò nílé ìjọba ní Àkúrẹ́, jí lọ́jọ́ kan, ó bá PDP nílé ìjọba. Ṣé ó lè gba ìbò rẹ̀ padà?

Àgágù kò sí láyé láti rí ọjọ́ náà. Ó ti kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013. Bàálù tó ń gbé òkú rẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́ já ní Èkó ní ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá, ó sì pa àwọn kan nínú àwọn tó tẹ̀ lé òkú náà. Àwọn tó bá a ṣọ̀tá àti àwọn tó bá a ṣọ̀rẹ́ ló dárò rẹ̀ pa pọ̀.

Láti ìgbà tí Mímíkò ti kúrò, nǹkan kò rọgbọ fún Labour ní Oǹdó mọ́. Ọlánusì, igbákejì rẹ̀, gba ọ̀dọ̀ APC lọ, àwọn aṣòfin sì yọ ọ́ nípò lọ́dún 2015. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀. Ẹni tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbé wọlé wá ń jẹ òṣìṣẹ́ lówó. Lọ́dún 2016, Eyítáyọ̀ Jẹ́gẹ́dẹ́ tí Mímíkò fẹ́ kó gba ipò lọ́wọ́ òun kò wọlé. Akérédolú tó ti fìdí rẹmi lọ́dún 2012 ló wọlé lábẹ́ APC, òun ni Mímíkò sì gbé ìjọba lé lọ́wọ́ ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì, ọdún 2017.

Kì í ṣe Oǹdó nìkan ni ẹgbẹ́ kẹta ti wọlé rí. Peter Obi lo ẹgbẹ́ APGA láti gba ìjọba Anambra ní oṣù kẹta ọdún 2006, kóòtù ló sì gba ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà. Ọdún mẹ́ta ni òun fi jà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ APGA fìdí múlẹ̀ ní Anambra tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn tí Obi kúrò, ẹgbẹ́ náà ṣì ń wọlé. Labour fúnra rẹ̀ kò rí gómìnà míì títí di ọdún 2023, nígbà tí Alex Otti wọlé ní Abia pẹ̀lú ìbò 175,467. Ó gbà á ní ojúko ìbò, kóòtù kọ́ ló kọ́kọ́ gbé e fún un. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló wà láàárín ìbò méjèèjì.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Anambra àti Oǹdó ló yẹ kí olùdìbò rò. Ní Anambra, ẹgbẹ́ di ilé, ẹni tó bá jáde nínú rẹ̀ bá a níbẹ̀. Ní Oǹdó, ẹgbẹ́ dà bí ọkọ̀ èrò, nígbà tí èrò dé ibi tó ń lọ, ó sọ̀ kalẹ̀. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má dìbò fún ẹni tó dára nítorí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ kéré. Obìnrin tó bímọ láyọ̀ ní ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ kò ní bèèrè àmì ẹgbẹ́ tó wà lára ògiri. Ṣùgbọ́n bí ìlú bá fẹ́ kí ohun rere pẹ́, ó yẹ kí ìlú náà wọ inú ẹgbẹ́, kí wọ́n lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù, kí wọ́n san owó ẹgbẹ́, kí wọ́n sì lẹ́nu nínú bí wọ́n ṣe ń yan olórí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó gbé ẹgbẹ́ wá ló máa gbé e lọ.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí Oǹdó kò pàdánù. Nítorí pé oṣù kejì ni wọ́n búra fún Mímíkò lọ́dún 2009, ọdún mẹ́rin rẹ̀ kò bá ti àwọn gómìnà yòókù dọ́gba mọ́. Láti ìgbà náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ bá ti dìbò gómìnà tiwọn tán, Oǹdó máa ń dá tirẹ̀ dì. Ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ó tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ọmọ tí wọn kò tíì bí lọ́dún 2007 lè bèèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ pé kí ló dé tí àwa nìkan fi ń dìbò lónìí. Kí bàbá náà má ṣe sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kó sọ fún un pé ìgbà kan wà tí wọ́n ka ìbò wa ní ìkà tí kò tọ́, a kò jó ilé ẹnikẹ́ni, a lọ sí kóòtù, wọ́n sì tún un kà.